Ìyá Ìjọ Wọ Ìyẹ̀wù

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nígbà tí katapila kánsù ń bọ̀ wá wó ilé àdúgbò wa, a pe Ìyá Ìjọ pé kó jáde wá bá wa pariwo.

Ó yínmú. "Ariwo òpópónà kọ́ ni ẹ̀sìn. Ìyẹ̀wù ni Olúwa ní ká wọ̀." Ó tilẹ̀kùn.

Àwa náà gbàdúrà, a wá jókòó síwájú ilé wa, à ń kọrin. Katapila yà fún wa, ó bi ògiri Ìyá Ìjọ wó.

Ìyá Ìjọ sáré jáde nínú eruku. "Ìwọ awakọ̀ yìí! Mò ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀!"

"Ẹ ò bá èmi sọ̀rọ̀, mà."

Ní báyìí, òun ló ń kanlẹ̀kùn wa kiri: "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ pariwo ní kánsù."

Mo ní, "Ìyá Ìjọ, ìyẹ̀wù ńkọ́?"

Ó ní, "Ìyẹ̀wù kẹ̀! Ó ti wó."