Ohùn tí kò sí nínú fíìmù

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún fíìmù àtijọ́ ṣe. Wọ́n gbé fíìmù kan fún un, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yà nílùú wa, nígbà ayé àwọn baba wa. Fíìmù ìgbà náà kì í sọ̀rọ̀, àwòrán lásán ni. Ó fara balẹ̀ nu ìdọ̀tí ara rẹ̀, ó lẹ ibi tó ti ya, títí ojú àwọn ará àtijọ́ fi hàn kedere. Ì bá dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ọ̀dọ́ òde òní kò ní wo ohun tó dákẹ́, ló bá ń fi orin ìgbàlódé sí i.

Ó dé ibi tí ọmọbìnrin kan ti kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. Ọmọ ń sunkún, bàbá na ọwọ́ lé e lórí, ẹnu rẹ̀ ń lọ. Ọkùnrin wa ní, "Háà, ó ń ṣépè fún un." Ó fi gìtá oníná tó ń ké tantan sí i, ó tún fi ààrá lé e.

Nígbà tó ku ọ̀la kí gbogbo ìlú wá wò ó, ó pe ọmọ tí ọmọbìnrin inú fíìmù náà bí, kó wá kọ́kọ́ wò ó. Òun náà ti di arúgbó. Màmá wò ó, ó káwọ́ lérí.

"Pa ẹ̀rọ yẹn! Ṣé o fẹ́ ba bàbá ìyá mi lórúkọ jẹ́ lójú ìlú ni? Ẹkún ìyàwó ni ìyá mi ń sun! Wọ́n ń wúre fún un kó tó lọ sílé ọkọ!"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwòrán kò bàjẹ́. Ohùn ló kàn lé e lórí, ó sì ṣeé yọ. Ó yọ ọ́. Ó bẹ màmá kó sun ẹkún náà bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, ìyẹn ló fi sí i. Lọ́jọ́ kejì, bí ọwọ́ bàbá náà ti gòkè, gbogbo wa ké "Àṣẹ!" Màmá mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ọkàn èmi náà balẹ̀.

Ìwọ tí o ní kí n bá ọ lé ìyá rẹ kúrò nílé, ojú fèrèsé lo dúró sí. O rí ìyàwó rẹ tó ń nu omijé, o rí ẹnu ìyá rẹ tó ń lọ. O ò gbọ́ nǹkan kan. Inú mi dùn pé èmi lo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Lọ sílé, bi ìyàwó rẹ ohun tí màmá sọ. Nítorí èébú tí o ní ìyá rẹ bú u yẹn, ìwọ lo fi sí i lẹ́nu.