Àwẹ̀ró Oníbodè, Ẹni Tí Kò Fa Àlejò Lé Ogun Lọ́wọ́

Ní oṣù kẹta tí ogun Abógunrìn ti dó ti Ìlámọ̀, kò sí ewé tútù kan mọ́ lára igi tó wà nínú ìlú. Àwọn ènìyàn ti já gbogbo rẹ̀ sè. Orí àpáta ńlá kan ni Ìlámọ̀ wà, ẹ̀gbẹ́ àpáta náà ń yọ̀, ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló sì gun ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àpáta yìí ló ti ń gba ìlú náà lọ́wọ́ ọ̀tá láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, òun gan-an ló sọ ìlú di pàkúté. Abógunrìn kò da ara rẹ̀ láàmú láti gun òkè. Ó pa àgọ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀nà pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun, ó jókòó, ó ń jẹ iṣu àwọn ará Ìlámọ̀ nínú oko wọn. Láti orí odi ni wọ́n ti ń wo èéfín iṣu tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn. Ẹnikẹ́ni kò lè jáde, ẹnikẹ́ni kò lè wọlé. Àwọn arúgbó ló kọ́kọ́ kú, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ ọwọ́. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń sin wọ́n sí, àpáta kò sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn.

Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yìí ni Àwẹ̀ró, obìnrin dúdú, abara-líle, ọmọ a-di-ẹnu-ọ̀nà-mú-bí-ẹkùn, a-wojú-àlejò-mọ-inú-àlejò. Oyè bàbá rẹ̀ ló jẹ, nítorí pé bàbá náà kò bí ọkùnrin. Kò sí àjèjì tó wọ Ìlámọ̀ tí kò kọ́kọ́ dúró níwájú rẹ̀. Yóò béèrè ibi tó ti ń bọ̀, iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, àti ohun tó lé e kúrò nílé. Bí ọ̀rọ̀ ẹni náà bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò bu omi fún un, yóò sì sọ pé, "O ti délé." Lábẹ́ òfin Ìlámọ̀, ẹni tó bá mu omi yẹn ti di ọmọ ìlú. Ní ọdún méjì ṣáájú ogun, Tápà àti Ìgbìrà tó lé ní igba ènìyàn gun òkè náà wá, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ahunṣọ. Abógunrìn yìí kan náà ló jó abúlé wọn létí odò Ọya. Àwẹ̀ró fún gbogbo wọn lómi, títí kan Ndàgí olórí wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ní ọjọ́ kẹtàléláàádọ́rùn-ún, ońṣẹ́ Abógunrìn dúró sí ìsàlẹ̀ odi, ó ké sókè pé: "Onílámọ̀, olúwa mi kí yín. Ó ní òun kò bá yín jà. Àwọn ẹrú òun tó sá wá sọ́dọ̀ yín lòun ń wá, àwọn tó kọlà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ dì wọ́n lókùn, kí ẹ sì kó wọn jáde ní òwúrọ̀ ọ̀tunla pẹ̀lú gbogbo aṣọ tí wọ́n hun. Bí ẹ bá ṣe é, oko yín di tiyín padà. Bí ẹ kò bá ṣe é, ẹ máa kú lọ lókè níbẹ̀."

Ọba pe àwọn ìjòyè jọ. Ọ̀tún, Olóyè Lápité, ló kọ́kọ́ dìde, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. "Kábíyèsí, ọmọ méjì ni mo sin lóṣù yìí. N kò kórìíra àwọn Tápà. Aṣọ wọn ni mo wọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ìjẹta ni wọ́n dé, àwa la ni ìlú. Ṣé nítorí àlejò ni ká ṣe kú tán?" Àwọn ìjòyè yòókù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọba náà mi orí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Èmi ni mo bu omi fún wọn, ṣùgbọ́n ẹnu yín ni mo fi sọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Ọ̀tún, bàbá bàbá yín ńkọ́? Ìgbómìnà ló ti wá, ó pọn ìyá rẹ̀ sẹ́yìn gun òkè yìí, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ sì máa ń pa àwọn ọmọ wa lẹ́rìn-ín. Bàbá mi ló bu omi fún un. Kábíyèsí, Ìbàrìbá ni obìnrin tó bí bàbá yín. Bí Abógunrìn bá padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, tó ní ọmọ Ìgbómìnà lòun ń fẹ́ báyìí, tàbí ọmọ Ìbàrìbá, ta ni yóò kù láti bá yín kọ̀ fún un?"

Ọba nu omijé ojú rẹ̀. "Òótọ́ lo sọ, Àwẹ̀ró. Ṣùgbọ́n òótọ́ kò ṣeé sè jẹ. Wá ọ̀nà mìíràn fún mi kó tó di ọ̀tunla. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ ni wàá ṣí ilẹ̀kùn."

Àwẹ̀ró padà sí ẹnu ọ̀nà. Àpáta wà lẹ́yìn rẹ̀, ogun wà níwájú rẹ̀, àṣẹ ọba sì wà lórí rẹ̀. Kò sí ibi tó ronú dé tí kò jẹ́ pé ògiri ló bá níbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ndàgí wá bá a.

"Ìyá, ẹ ṣílẹ̀kùn. A ti sọ ọ́ láàárín ara wa. A ó jáde fúnra wa, ìyàwó mi ti di ẹrù wa sílẹ̀."

"Padà sílé, Ndàgí."

"Ilé wo? Nínú ìlú, wọ́n ń wò wá bíi pé àwa la jẹ oúnjẹ wọn tán. Níta, ọkùnrin yẹn ń retí wa. Ẹ fi ilé mi hàn mí, Ìyá."

Ojú ti Àwẹ̀ró. Ndàgí fọwọ́ kan ilà tó sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dùn. "Abógunrìn tilẹ̀ ń pè wá ní tirẹ̀. Kò mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wa. Ilà yìí nìkan ló mọ̀."

Àwẹ̀ró gbójú sókè. "Tún un sọ."

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ọba ti fọwọ́ sí ète Àwẹ̀ró, ẹẹ́dú tí wọ́n lọ̀ mọ́ òrí ti kún ìkòkò mẹ́ta ní iwájú ààfin. Àwọn ará Ìlámọ̀ kì í kọlà, ojú wọn mọ́ roro. Ìyàwó Ndàgí ló ń fi ìka fa ilà Tápà sí wọn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn jagunjagun kọ́kọ́ ń fà sẹ́yìn. Lápité la àárín wọn kọjá, ó kúnlẹ̀ síwájú obìnrin náà, ó sì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sókè. "Fà á kó gùn dáadáa," ló wí. Lẹ́yìn èyí, kò sẹ́ni tó tún lọ́ra. Wọ́n ká àdá àti ọ̀kọ̀ sínú aṣọ, wọ́n dì í ní ẹrù, wọ́n sì so ara wọn mọ́ra pẹ̀lú okùn tí ọmọdé lè tú.

Ní òwúrọ̀, Àwẹ̀ró ṣílẹ̀kùn, òun ló sì ṣíwájú. Tápà, Ìgbìrà àti ọmọ Ìlámọ̀ tò tẹ̀ lé e, ilà kan náà ló wà lójú gbogbo wọn. Àwọn ọmọ ogun rí i pé wọ́n pọ̀ ju bí àwọn ti rò lọ, inú wọn dùn. Abógunrìn fúnra rẹ̀ jáde láìwọ ẹ̀wù ogun, ó fẹ́ yan aṣọ tó wù ú. Bó ṣe na ọwọ́ sí ẹrù àkọ́kọ́, Àwẹ̀ró kígbe pé, "Ẹ tú!" Ìjà náà kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó le. Abógunrìn ṣubú níbẹ̀. Títí dòní, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá Tápà ló pa á tàbí ọmọ Ìlámọ̀, nítorí ojú kan náà ni gbogbo wọn ní lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tú ká sínú igbó.

Ènìyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n gbé gòkè padà ní òkú. Ndàgí wà lára wọn. Àwọn obìnrin gbé omi wá láti wẹ ẹẹ́dú kúrò lójú àwọn òkú, kí oníkálukú lè mọ tirẹ̀. Àwẹ̀ró dá wọn dúró. "Ẹ fi sílẹ̀," ló wí. Ibì kan náà ni wọ́n sin gbogbo wọn sí, gbogbo ìlú ló sì ṣọ̀fọ̀ gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ojú Kan.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àwẹ̀ró tún lò láyé, òun ló sì fi òfin kan lélẹ̀ kó tó kú. Bí ọba tuntun bá fẹ́ jẹ ní Ìlámọ̀, yóò lọ kúnlẹ̀ ní Ojú Kan, àlejò tó wọ ìlú kẹ́yìn ni yóò sì fi ẹẹ́dú fa ilà sí i lójú, kí wọ́n tó gbé adé lé e lórí. Ọba mẹ́tàlá ló ti kúnlẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin Ègùn kan ló fa ti ọba tó wà lórí oyè báyìí. Ọjọ́ kẹsàn-án tó dé ìlú nìyẹn, ó ṣì ń po ẹẹ́dú náà mọ́ òrí, ọba wà lórí eékún, ó ń dúró dè é.