Bí Àwọn Oníbodè Òkè-Odi Ṣe Kọ́ Ìjà Lójú Omi

Ojú ló ń rí iná, ara ló ń mọ̀ pé ó gbóná.
Àwòrán ẹṣin kò gbé ẹnikẹ́ni dé oko.
Bí a bá rí odò lókèèrè, a ò tí ì mọ bó ṣe jìn.
Àwọn ló dífá fún Ògúnṣakin, olórí oníbodè ìlú Òkè-Odi, lọ́jọ́ tó ń wá ọ̀nà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ yóò fi mọ ìjà.

Ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́ tí ẹ jókòó yìí, ẹ bi mí lánàá pé ṣé ẹ̀kọ́ ìjà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín tó, àbí dandan ni kí ẹ lọ bá olùkọ́ níbi tó wà. Èmi ò mọ fóònù tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn ni mo mọ̀. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú Ògúnṣakin rí.

Ọkùnrin tó fẹ́ràn ìbéèrè ni Ògúnṣakin. Bí ẹ bá sọ fún un pé òjò ń bọ̀, yóò bi yín pé níbo ló ti gbéra. Bí àwọn ìyàwó rẹ̀ bá ń dáná, wọ́n á máa sá fún un, nítorí yóò fẹ́ mọ ìdí tí ata fi ṣáájú iyọ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ibodè Òkè-Odi ti wà nínú ìdílé rẹ̀ láti ayé baba baba rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ mẹ́rìndínlógún ló sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọba Òkè-Odi dá ọjà tuntun sílẹ̀, ni àlejò bá ń rọ́ wọlé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mọ bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn, wọn ò mọ bí a ṣe ń dá ènìyàn dúró. Bí olè bá yọ, wọ́n á sá. Bí wọn ò bá sá, wọ́n á lu aláìṣẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà kan, wọ́n ṣẹ́ apá oníṣu kan tí kò jí ohunkóhun. Ọba ránṣẹ́ pe Ògúnṣakin. Ó ní, "Ọjà ńlá ku oṣù méjì. Bí olè bá wọlé lọ́jọ́ náà, tàbí bí àlejò kan bá fara pa lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ, gbé kọ́kọ́rọ́ náà wá fún mi. Ẹlòmíràn ni yóò máa ṣọ́ ibodè."

Kì í ṣe ebi ló ń ba Ògúnṣakin lẹ́rù, ó ní oko. Ohun tó dùn ún ni pé orúkọ tí baba rẹ̀ kò bà jẹ́, lọ́wọ́ òun ni yóò ti bàjẹ́. Ó gba ilé awo lọ.

Àwọn awo ní kó rúbọ. Wọ́n ní kó fi àkùkọ adìyẹ kan àti igbá epo kan rúbọ ní oríta. Wọ́n ní kó tún wá ẹní mẹ́rìndínlógún, kó rù wọ́n fúnra rẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò kọ́ wọn níjà, kó má sì rán ẹnikẹ́ni. Ẹni náà ni Àwẹ̀ró Agbéniṣánlẹ̀, ìyá arúgbó kan ní ìlú Àrẹkẹ. Ìrìn ọjọ́ méje ni.

Ògúnṣakin ní, "Ẹ dákun, kí ni ẹní fẹ́ ṣe nínú ọ̀rọ̀ ìjà?"

Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn awo rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ṣáà rù ú. Ibẹ̀ ni wàá ti mọ̀."

Ọjọ́ náà gan-an ni Ògúnṣakin gbé àkùkọ àti epo lọ sí oríta. Ó wá ẹní mẹ́rìndínlógún, ó dì wọ́n lókùn. Àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ gbéra ni oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Láṣebìkan dé ibodè pẹ̀lú àwo idẹ ràgàjì kan. Bí a bá pọn omi kún àwo yìí, tí a sì pe orúkọ ènìyàn sí i, ẹni náà yóò hàn nínú omi, ibi yòówù kó wà. Ojú Ògúnṣakin là. Ó pe orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó lọ sílé ọkọ lọ́nà jíjìn, ó sì rí i tó ń sá èlùbọ́, tó ń lé ewúrẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Láṣebìkan ní, "Bàbá, kí lẹ tún ń rin ọjọ́ méje sí? Àràárọ̀ ni Àwẹ̀ró máa ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ níjà. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ máa wò ó. Ẹni tó jókòó sílé tó ń rí Àrẹkẹ, kí ló tún kù fún un?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ògúnṣakin ra àwo náà, ó ní kí Láṣebìkan dúró tì wọ́n, ó sì gbé àwọn ẹní sórí àjà. Kò sọ pé òun ò rúbọ o. Ó rú ìdajì, ó gbé ìdajì sájà.

Láti ọjọ́ kejì ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń yí àwo idẹ ká láràárọ̀. Wọ́n á pe orúkọ Àwẹ̀ró, òun náà á sì yọ, ìyá kúkúrú kan tó fi ọ̀já gbàdí. Yóò na ọwọ́ sí àyà ọmọkùnrin gìrìwò kan, yóò yí ìbàdí, ọmọkùnrin náà á sì dùbúlẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ á ṣe bẹ́ẹ̀ sí afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ kò bá wọn jiyàn. Àlàdé tó lágbára jù nínú wọn dá afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ tó ìgbà àádọ́rin láàárọ̀ kan ṣoṣo, ó sì ń fọwọ́ sọ̀yà.

Nǹkan kan ṣáà ń rú Ògúnṣakin lójú. Ọwọ́ òsì ni Àwẹ̀ró máa ń nà. Àgbàlagbà ọmọ Yorùbá, kí ló dé tó ń na òsì sí ènìyàn? Ó bi omi. Omi náà kì í sọ̀rọ̀, kì í sì í gbọ́. Ó bi Láṣebìkan. Láṣebìkan ní, "Bóyá àṣà ilẹ̀ wọn ni." Ògúnṣakin tí kì í gbé èsì mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu, ó gbé ìyẹn mì.

Nígbà tí ọjà ńlá ku ọjọ́ márùndínlógójì, àwọn oníyọ̀ dé sí ibodè. Àjàgbé ni olórí wọn, àgbàlagbà tó sanra, tó sì níyì. Àlàdé ní kó dúró kí àwọn yẹ ẹrù wò. Kò sí àṣìṣe nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n bó ti ń sọ̀rọ̀ ló gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì lé àgbàlagbà náà láyà.

Àjàgbé wo ọwọ́ náà. Ó ní, "Ṣé èmi lò ń na òsì sí? Ṣé bàbá tó bí ọ kò sí nílé ni?" Ó gbá ọwọ́ náà dànù.

Àlàdé yí ìbàdí gẹ́gẹ́ bó ṣe rí i nínú omi. Ṣùgbọ́n Àjàgbé kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ Àlàdé yọ̀, àwọn méjèèjì ṣubú lu ara wọn, Àlàdé ló wà nísàlẹ̀. Èjìká rẹ̀ yẹ̀. Iyọ̀ dà sínú ẹrẹ̀. Àjàgbé dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó ní, "A kì í ta iyọ̀ fún ìlú tó ń fi òsì kí àlejò." Gbogbo oníyọ̀ tẹ̀lé e padà.

Kò pẹ́ tí ọbẹ̀ fi tẹ́ nílé gbogbo ní Òkè-Odi, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n ń bú. Ọba rán ìránṣẹ́ kó lọ wo ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Ojú ti Ògúnṣakin. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun nìkan ló tẹ̀ ba lórí àwo, kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ojú ara rẹ̀ ló rí. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tó wọ ìdè idẹ sókè láti nu ojú. Ọkùnrin inú omi tó kọjú sí i gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni onítọ̀hún fi wọ ìdè. Ògúnṣakin bọ́ ìdè náà, ó fi í sí ọwọ́ kejì. Ọkùnrin inú omi fi tirẹ̀ sí ọ̀tún.

Ó pariwo pé, "Háà! Omi ló ń yí ọwọ́ padà!" Àwẹ̀ró kò na òsì sí ẹnikẹ́ni rí. Ó dùn ún wọra, síbẹ̀ ara rẹ̀ yá gágá, nítorí ìbéèrè tuntun ti dé. Bí omi bá lè yí ọwọ́ padà, kí ló tún kù tí kò fi hàn wá?

Ó sọ àwọn ẹní kalẹ̀ láti orí àjà. Àlàdé tó so apá mọ́rùn ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká rán ẹnìkan."

Ògúnṣakin ní, "Mo ti rán omi lẹ́ẹ̀kan." Ó gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó bọ́ sọ́nà.

Ọjọ́ keje ló dé Àrẹkẹ. Ó bá Àwẹ̀ró níbi tó ti ń gbálẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ìwọ fúnra rẹ, ṣé wọ́n ti dá ọ mọ́lẹ̀ rí?"

"Rárá o, ìyá. Láti kékeré, ẹnikẹ́ni ò dá mi rí."

"Ó mà ṣe o, ọmọ mi. Tẹ́ ẹní kan."

Ó tẹ́ ẹ. Àwẹ̀ró gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e láyà pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ ń gbóná. Lẹ́yìn náà, ojú ọ̀run ni Ògúnṣakin rí. Ẹ̀rù bà á bí kò ṣe bà á rí. Ó ń retí kí orí òun lu ilẹ̀, orí náà kò lu ilẹ̀. Ọwọ́ kejì ìyá náà ti wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, òun ló gbé e tẹ́ sórí ẹní.

Ó ní, "Ìyá, ọwọ́ kejì yìí ńkọ́? A ò rí i nínú omi!"

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ ò lè rí i. Ẹ̀yìn ẹni tí mò ń dá ló máa ń wà. Ẹni tó bá ṣubú nìkan ló ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Ògúnṣakin kò dìde bọ̀rọ̀. Oníṣu tí wọ́n ṣẹ́ lápá ló wá sí i lọ́kàn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Àwẹ̀ró bá a padà sí Òkè-Odi. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló ṣẹ́kù. Gbogbo ẹ̀ṣọ́ ló ṣubú, olúkúlùkù lórí ẹní tirẹ̀, kí Àwẹ̀ró tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè dá ẹnikẹ́ni. Láṣebìkan náà ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì dá àbá kankan mọ́.

Lọ́jọ́ ọjà ńlá, ọkùnrin kan fi ọ̀bẹ pamọ́ sábẹ́ agbádá, ó fẹ́ já wọlé tipátipá. Ògúnṣakin gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e láyà, ọ̀bẹ bọ́ sílẹ̀, ọkùnrin náà sì dùbúlẹ̀ gbalaja. Ó ń fọwọ́ wá ẹ̀jẹ̀ kiri orí ara rẹ̀, kò rí ẹ̀kán kan. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ọba ní kí kọ́kọ́rọ́ wà níbi tó wà. Ògúnṣakin ń jó, ó ń yọ̀, ó ń yin àwọn awo rẹ̀, àwọn awo ń yin Ifá.

Nígbà tí Àwẹ̀ró ń padà lọ, Ògúnṣakin bi í pé kí àwọn sọ àwo idẹ náà nù bí? Ìyá náà ní, "Kí lẹ fẹ́ sọ ọ́ nù fún? Ẹ máa wò mí nínú rẹ̀ kí ẹ má baà gbàgbé. Ara yín ti mọ ohun tí ojú yín yóò máa rí."

Ifá ní ẹni tó rú ìdajì ẹbọ, ìdajì ire ni yóò bá a. Ẹni tó gbọ́ ìmọ̀ràn tó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀lé e, ire rẹ̀ yóò pé. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ ná, kí ẹ tẹ́ ẹní. Ta ni yóò kọ́kọ́ ṣubú?