Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Ìwé Séférínà

Láyé ìgbà tí àwọn Àgùdà tó bọ́ lóko ẹrú ń ti òkè òkun padà sí Èkó, obìnrin kan wà ní Pópó Àgùdà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Séférínà. Kì í ṣe Bùràsíìlì ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Ìláríò, ti dé ní tiwọn. Erékùṣù Kúbà ni wọ́n ti wá, níbi tí èdè Sípéènì ti jẹ́ èdè gbogbo ayé. Ìláríò jẹ́ àgbà bíríkìlà. Òun ló mọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé alájà tó wà ládùúgbò náà, ṣùgbọ́n kò mọ̀wé. Séférínà ló kàwé nínú wọn. Iṣẹ́ aṣọ rírán ló fi ń jẹun, àmọ́ ìwé kíkọ ló ń gbé ọkàn rẹ̀. Ó ti kọ ìtàn ìyà tí wọ́n jẹ ní oko ìrèké àti bí wọ́n ṣe bọ́ lóko ẹrú, ní èdè Sípéènì, ìtàn tó dùn ún kà tó sì ń pa ènìyàn lẹ́kún.

Ọ̀gbẹ́ni Pírátì, olóòtú ìwé ìròyìn kan tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́ nípa ìtàn náà. Ó fẹ́ kí àwọn Sàró, àwọn tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Sàró kí wọ́n tó padà wálé, tó ń ka ìwé òun rí i kà, kí àwọn òyìnbó ìlú Lọ́ńdọ̀nù pàápàá sì rí i. Ó wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ kiri, wọ́n sì júwe Náhúmù Ọlátẹ́jú fún un. Náhúmù ti ṣe akọ̀wé fún àwọn oníṣòwò kòkó ní Fẹnándò Pò, erékùṣù àwọn ará Sípéènì, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ Sípéènì. Ó lè fi ná ọjà, ó lè fi bá àwọn aṣọ́bodè jà. Ṣùgbọ́n èdè tí a fi ń wọn kòkó kọ́ ni èdè tí a fi ń sunkún, kò sì tíì mọ̀.

Nígbà tó lọ gba ìwé náà, Séférínà ń di ẹrù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ bímọ ní ìlú Àgọ́ùé, ó sì ń lọ wẹ ọmọ fún un.

Séférínà ní, “Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra bá mi ṣe é. Ibi tó bá rú yín lójú, ẹ fi sílẹ̀ kí n dé.”

Náhúmù rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kí ló fẹ́ rú mi lójú nínú èdè tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ?”

Iṣẹ́ náà kọ́kọ́ dán mọ́rán. Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn náà ń dúró de ọ̀sẹ̀ tó kàn bí ẹni ń dúró de ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n kà nípa kápítà arúgbó kan tó ń ṣọ́ ẹrú lóko ìrèké, òkú òǹrorò, tó máa ń na obìnrin aboyún. Gbogbo wọn ló ń gbàdúrà kí nǹkan ṣe é. Àfi bí Náhúmù ṣe dé ojú ewé tó kẹ́yìn ìwé náà, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju báyìí lọ: “Ẹ̀gbọ́n mi wọ inú àgbàlá. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Pun! Arúgbó náà ṣubú lulẹ̀, kò sì dá dìde mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.”

Náhúmù kà á, ó tún un kà. Kí ni “pun”? Ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, kò rí i. Ó lọ bá atukọ̀ ará Sípéènì kan létí òkun, ìyẹn ní ìró ìbọn ni. Ó lọ bá télọ̀ Àgùdà kan, ìyẹn ní rárá o, ilẹ̀kùn tí ènìyàn fi ìbínú tì ló máa ń dún bẹ́ẹ̀. Fadá ìjọ Àgùdà wò ó títí, ó ní òun kò rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, bóyá ọwọ́ ìyá náà ló ṣì í. Bí Náhúmù ṣe ń béèrè tó ni ojú rẹ̀ ń ṣú sí i. Bí ó bá jẹ́ ìbọn, ta ló fún ẹrú níbọn? Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀kùn, kí ló wá gbé arúgbó ṣubú?

Ó rò ó pé kí òun kúkú lọ bi Ìláríò, nítorí òun ni ẹ̀gbọ́n tí ìwé ń wí. Ó bá a níbi tó ti ń mọ ògiri. Àmọ́ báwo ni ènìyàn ṣe ń bi àgbàlagbà pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti yìnbọn pa ènìyàn rí?” Ó dúró sídìí ògiri náà, ó ń wo òkè.

“Akọ̀wé, kí lẹ̀ ń wá?” ni Ìláríò bi í.

“Mo ní kí n wò ó bóyá òjò yóò rọ̀ ni, sà.”

Ìláríò wo ojú ọ̀run tó mọ́ kedere, ó wo Náhúmù, ó sì padà sídìí bíríkì rẹ̀.

Nígbà tí Náhúmù dé ọ́fíìsì, ó ní kí olóòtú jẹ́ kí àwọn dúró de Séférínà. Ọ̀gbẹ́ni Pírátì fárígá. “Kí àwọn tó ń ka ìwé wa máa wojú wa? Ìbọn ni, jàre! Ẹ ò rí i pé kápítà òǹrorò yẹn ni arúgbó náà? Ọlọ́run ló mú un.” Ọkàn Náhúmù kò gbà á, ṣùgbọ́n kò ní ìtumọ̀ mìíràn lọ́wọ́. Ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ìbọn dún, kápítà arúgbó ṣubú, ó sì kú.

Ọ̀rọ̀ yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Àbíọ́nà, ọmọ Ìláríò obìnrin tí ìyá rẹ̀ bí sínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, ni wọ́n ti fẹ́ fi fún Oyèbọ̀dé, ọmọ Alàgbà Ọ̀ṣúnbíyìí. Sàró ni wọ́n, onígbàgbọ́ tí kò fẹ́ àbàwọ́n. Alàgbà ka ìwé ìròyìn nídìí oúnjẹ àárọ̀, ó fi oúnjẹ sílẹ̀. Ó gbéra, ó di ilé Ìláríò.

Ó ní, “Bàbá Àbíọ́nà, ẹ má bínú o. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ wọ àgbàlá kan ní Kúbà, ẹ gbé ọwọ́ sókè, arúgbó kan sì ṣubú?”

Ojú Ìláríò tàn bí àtùpà. “Òótọ́ ni o! Ta ló sọ fún yín?”

“Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́?”

“Ó ṣojú ayé! Mi ò ní ọjọ́ kan tó dùn tó ọjọ́ náà láyé mi. Bí ẹ bá dá mi padà síbẹ̀ lónìí, màá tún un ṣe.”

Alàgbà dìde. Kò rántí mú fìlà rẹ̀. Ìláríò mú fìlà náà dání, ó ń pè é títí dé ẹnu ọ̀nà, kò mọ ohun tí òun sọ tó fi ń sá. Kò pẹ́ tí ilé Alàgbà fi ránṣẹ́ pé àwọn kò fẹ́ ìyàwó mọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn tó máa ń jókòó ti Ìláríò ní ṣọ́ọ̀ṣì sún síwájú. Ẹni tó gbé iṣẹ́ ilé fún un gbà á padà. Ọkùnrin náà ń bi ara rẹ̀ pé kí lòun ṣe, kò sì sẹ́ni tó lè la ẹnu sọ fún un, nítorí wọ́n gbà pé ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Àbíọ́nà nìkan ló gba ọ́fíìsì ìwé ìròyìn lọ. Ó bá Náhúmù níbi tó ti gbé orí lé ọwọ́.

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé bàbá mi pa ènìyàn?”

“Ohun tí ìyá yín kékeré kọ ni mo túmọ̀.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

Náhúmù ní, “Ọmọ mi, kò dá mi lójú. Kò sí ohun tó dá mi lójú mọ́.”

Ìgbà tí Séférínà ti Àgọ́ùé dé, ó bá ilé bí ilé ọ̀fọ̀. Wọ́n ka ìwé ìròyìn sí i létí, wọ́n ń tú u sí Yorùbá, ó ní kí wọ́n tún un kà, nítorí kò mọ ẹni tí wọ́n ń wí níbẹ̀. Nígbà tó yé e, ó ránṣẹ́ pe Náhúmù, ó ránṣẹ́ pe olóòtú, ó sì bẹ Alàgbà Ọ̀ṣúnbíyìí àti ọmọ rẹ̀ kí wọ́n wá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan péré.

Nígbà tí wọ́n péjọ, Náhúmù kò lè gbójú sókè. “Ìyá, èdè Sípéènì wo ni ‘pun’? Mo wá a títí, mi ò rí i.”

“Báwo lẹ ṣe máa rí i?” ni Séférínà wí. “Kì í ṣe èdè Sípéènì. Èdè wa ni. Létà wọn ni mo fi kọ ọ́, létà wọn kò sì ní ọ tiwa, kò ní àmì ohùn. Pọ̀ún ni! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ kí bàbá wa bí ẹ ṣe kí wọn lọ́jọ́ náà.”

Ìláríò dìde. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó di ìkúùkù, ó sì fi lu àyà ara rẹ̀: pọ̀ún!



Séférínà ní, “Bí bàbá wa ṣe máa ń kí wa nìyẹn bí wọ́n bá ti oko dé, àwa náà á sì lu àyà tiwa dá wọn lóhùn. Ogun kó bàbá wa lọ nígbà tí a kéré. Lẹ́yìn tí wọ́n kó àwa náà lọ sí Kúbà, ẹ̀gbọ́n mi ń ti oko ìrèké kan bọ́ sí òmíràn nídìí iṣẹ́ bíríkìlà, wọ́n ń wá bàbá wa kiri. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi rí arúgbó kan nínú àgbàlá tó ń lọ́ okùn, ojú kò dá ojú mọ̀. Orúkọ ti yí padà, irun ti funfun. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn lu àyà.”

Ìláríò gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Bàbá mi ṣubú lórí àpótí. Ayọ̀ gba ẹsẹ̀ wọn. Wọn kò dá dìde mọ́ láti ọjọ́ náà, nítorí èmi ni mò ń gbé wọn dìde. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n wà títí Ọlọ́run fi pè wọ́n.” Ó yíjú sí Alàgbà. “Ẹ̀yin kọ́ lẹ bi mí pé ṣé òótọ́ ni? Mo rò pé ẹ wá bá mi yọ̀ ni.”

Alàgbà Ọ̀ṣúnbíyìí dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Oyèbọ̀dé tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n Àbíọ́nà kò tètè rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọ̀dọ́kùnrin náà, ó ní, “Ilé wa kò jìnnà sí tiyín. Kí ló dé tí ẹ kò wá bi mí?”  Ó pẹ́ kí Àbíọ́nà tó gbà kí wọ́n tún dájọ́ ìgbéyàwó.

Náhúmù tún ojú ewé náà túmọ̀. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ yẹn, kò wá Gẹ̀ẹ́sì fún un mọ́. Ó kọ “pọ̀ún” síbẹ̀, ó sì fi ìlà díẹ̀ júwe àyà tó dún àti bàbá tó gbọ́. Wọ́n ní àwọn òyìnbó tó kà á sunkún.

Láti ọjọ́ náà, bí àhesọ bá ń jà nílẹ̀ ní Èkó, tí olúkúlùkù ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú, wọ́n á ní kí a lọ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ìyẹn oníkàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti di òwe lẹ́nu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń wí pé: ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún.