Ìdí Tí Òkè Fi Ń Dá Ọ̀rọ̀ Padà fún Ẹni Tó Sọ Ọ́

Nígbà láéláé, nígbà tí ọ̀nà oko kò tíì mọ ibi tí yóò gbà, òkè kan wà láàárín igbó tí ń jẹ́ Adáhùn. Ohun tí ẹranko kò bá mọ̀, Adáhùn ni yóò lọ bi. Òkè yóò sì fèsì ní ohùn pẹ̀lẹ́.

Ní ọdún kan, ọ̀dá dá. Odò gbẹ. Gbogbo ẹranko gbéra lọ́jọ́ kan náà, wọ́n ya bo ẹsẹ̀ òkè.

"Baba, níbo ni omi wà?"

Ẹtu wà láàárín wọn. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti sọnù láàárín èrò. Ó bèèrè lẹ́ẹ̀kan péré: "Baba, níbo lọ́mọ mi wà?" Ó jókòó, ó ń retí.

Èsì pẹ́. Ọ̀bọ, tí kì í ṣe nítorí omi ló ṣe wá, ń pariwo: "Baba, níbo ni àgbálùmọ̀ ti pọ́n?" Ó tún bèèrè. Ó tún un bèèrè.

Ẹtu ní, "Ọ̀bọ, ṣebí o ti bèèrè?"

"Ìyá Ẹtu, bí a bá kanlẹ̀kùn tí wọn ò ṣí, ṣé a kì í tún un kàn ni?"

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti bèèrè nígbà igba.

Adáhùn lanu: "Omi wà ní…" Ó dákẹ́ sáàárín ọ̀rọ̀. Òkúta kan já lórí rẹ̀, gbì! Kò fọhùn mọ́.

Erin ní, "A ti pọ̀ jù. Kí ẹ̀yin kéékèèké máa lọ sílé."

Ẹtu bú sẹ́kún. Bí ó bá lọ, ta ni yóò sọ ibi tí ọmọ òun wà fún òun?

Àkókó, ẹyẹ tí ń fẹnu kan igi, ní, "Àjànàkú, ẹ rọra. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ inú baba." Ó kan ẹsẹ̀ òkè: kó, kó. Ẹsẹ̀ le. Ó kan ìbàdí: ìbàdí le. Ó kan àyà, ó fetí lé e, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ kò pọ̀ jù rárá. Àgbálùmọ̀ ló kún inú baba!"

Gbogbo ojú yí sí Ọ̀bọ. Ọ̀bọ ń họ orí. "Èmi kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kan ni mo bèèrè. Ìyókù, mo kàn ń rán baba létí ni."

Àkókó fẹnu ṣa igba ìbéèrè náà jáde, ó ń jù wọ́n lu Ọ̀bọ lẹ́nu. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó ti bá ìbéèrè Ẹtu, ẹyọ kan, tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Òkè mí kanlẹ̀. "Ìyá Ẹtu, ọmọ rẹ ń sùn ní ìbòòji abẹ́ ikùn Erin."

Erin bẹ̀rẹ̀ wò. Òótọ́ ni. Ojú tì í.

Òkè tún ní, "Omi wà nísàlẹ̀ iyanrìn odò, ẹ gbẹ́ ẹ. Ní tèmi, mo ti dáhùn tán. Ẹni tó bá ju ọ̀rọ̀ sí mi, n ó dá tirẹ̀ padà fún un, kí inú mi má baà kún mọ́."

Láti ọjọ́ náà ni òkè ti ń dá ọ̀rọ̀ ẹni padà fún ẹni. Láti ọjọ́ náà ni Àkókó ti ń kan nǹkan kí ó tó gbà pé ó bàjẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni Ọ̀bọ sì kó igba àgbálùmọ̀ rẹ̀ sí; ẹ wò ó bí ó ti wú. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tẹ fóònù ní àtẹ̀túntẹ̀ nígbà tí èrò bá pọ̀ lórí ìkànnì tí ìkànnì sì dákẹ́, Ọ̀bọ ní kí n kí yín.

Ilé yín kò ní dákẹ́ lójijì. Ẹ ó pe ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ yóò sì jẹ́ yín. Àṣẹ.