Àrìnpé Oníkòkò àti Obìnrin Tó Ń Rìn Jẹ́jẹ́

Ìyá Ẹfúnbọ̀dé, tó bí bàbá mi, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Ẹ̀yìn ilé la máa ń jókòó sí nígbà náà, tí a ń pa ẹ̀gúsí. Bí mo bá ń kánjú, tí mo ń rún ẹ̀gúsí mọ́ èèpo, á gbá ọwọ́ mi mú, á ní, "Rọra, ìyá mi. Jẹ́ kí n sọ ti Àrìnpé fún ọ." Ó máa ń dárúkọ Odù tí ìtàn náà ti jáde. N kò mọ̀wé kọ nígbà náà, orúkọ náà sì ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìtàn náà kò bọ́.

Ó ní:

Orí kò rí ohun tó rù,
Ẹ̀yìn kò mọ ohun tó ń ṣe iwájú,
àwọn ló dífá fún Àrìnpé oníkòkò, tó ti kiri ìkòkò fún ọdún mọ́kànlá, tí kò ní ìsọ̀ kan ṣoṣo lọ́jà.

Ọrùn ń dun Àrìnpé. Àtàrí rẹ̀ ti pá níbi tí òṣùká ń jókòó sí. Nígbà tó gbọ́ pé ìlú kejì fẹ́ dá ọjà tuntun sílẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Wọ́n ní Ìyálọ́jà yóò pín ìsọ̀ fún àwọn tó bá kọ́kọ́ dé. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ìpín parí. Ẹni tó bá gba ìsọ̀, tirẹ̀ ni títí ayé. Ló bá lọ béèrè bóyá òun náà yóò rí ìjókòó.

Àwọn awo ní yóò rí i. Wọ́n ní kí ó rúbọ: adìẹ kan, àti ìkòkò tuntun kan tí yóò gbé sí etí ọ̀nà fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Wọ́n ní kí ó má ṣe ti ẹni tó bá wà níwájú rẹ̀.

Àrìnpé rú adìẹ. Nígbà tó kan ìkòkò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi tí mò ń ta ìkòkò, kí n wá máa gbé e jù sí etí ọ̀nà? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ìsọ̀ ná."

Ọjọ́ ọjà pé. Àrìnpé to ìkòkò méje sínú agbọ̀n, ó gbé e karí, ó jáde ní ìdájí. Ọ̀nà ọjà náà gba àárín àbàtà kọjá. Ó tóóró débi pé èèyàn méjì kò lè rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kò pẹ́ tó fi bá èrò. Ẹlẹ́pọ, alágbọ̀n, ẹni tó ń fa ewúrẹ́, gbogbo wọn tò gbọọrọ bí ìjàlọ, wọn kò sì tẹ̀ síwájú.

"Kí ló dé níwájú?"

"Obìnrin kan ló ń rìn bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀."

"Ẹ sọ fún un pé ọjà là ń lọ, a kò sin ìyàwó!"

"Ẹ fi í sílẹ̀, ìgbín ni bàbá rẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àrìnpé kò rẹ́rìn-ín, nítorí oòrùn ti yọ. Ó ń gbún àwọn èèyàn, ó ń tẹ ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀, títí ó fi dé ẹ̀yìn obìnrin náà. Ìkòkò omi kékeré ló rù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Ẹ kú ìrìn o," Àrìnpé wí.

Obìnrin náà kò dáhùn.

"Mo ní ẹ jẹ́ kí n kọjá!"

Ó ń rọra gbé ẹsẹ̀ lọ.

"Háà! O tún wá yadi? Ṣé bàbá rẹ ló la ọ̀nà yìí ni?"

Àrìnpé fi èjìká tì í. Ìkòkò omi yẹ̀, ó ṣubú, ó fọ́.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ sínú omi tó dà sílẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ kí igbe má baà bọ́ níbẹ̀.

Bàbá arúgbó kan tó ru iṣu wà lẹ́yìn wọn. Ó ní, "Ìyá oníkòkò, o ṣe é. Mo ti ń pariwo látẹ̀yìn, ẹ kò gbọ́. Àdúgbò kan náà ni èmi àti obìnrin yìí. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni ibà dá dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́fà. Omi ìsun ni wọ́n ní kó lọ pọn, nínú ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò lò rí. Kò gbọdọ̀ fọhùn títí yóò fi délé, omi náà kò sì gbọdọ̀ ta sílẹ̀. Bí ọ̀sán bá pọ́n tí wọn kò tíì fi wẹ ọmọ náà, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn."

Àrìnpé wo ojú ọ̀run. Àwọn tó ti bú obìnrin náà ń kọjá lọ sí ọjà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí òun náà bá sáré, yóò bá ìpín. Ó wo ẹni tó kúnlẹ̀. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó ṣa ìkòkò tó dára jù lọ.

"Ẹ dìde, ìyá ọmọ. Ẹ gbà."

Obìnrin náà gbà á, ó kọjú sí ìsun. Ṣùgbọ́n èrò kún ọ̀nà, ọjà ni gbogbo wọn kọjú sí. Ta ni yóò yà fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀? Àrìnpé bọ́ síwájú rẹ̀.

"Ẹ yà o! Ẹ yà fún un! Omi ọmọ aláìsàn ló ń lọ pọn!"

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ẹ̀yìn ni Àrìnpé wà, kí ẹnikẹ́ni má baà ti obìnrin náà. Ìyà ọ̀rọ̀ tó ti fi jẹ ẹlòmíràn ló wá ń jẹ.

"Ìyá yìí, ṣé ẹ̀ ń ka koríko ni?"

Ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù. Ẹ kò mọ ohun tó rù."

Ó ń wo ọrùn obìnrin náà bó ti ń gbọ̀n lábẹ́ ìkòkò omi. Ọrùn bíi tirẹ̀ ni.

Wọ́n fi omi náà wẹ ọmọ kí ọ̀sán tó pọ́n, ara rẹ̀ sì dá. Ní ọjà, ìpín ti parí. Ṣùgbọ́n bàbá oníṣu ti gbé agbọ̀n Àrìnpé dé orí ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí ọ̀nà ti pínyà, ó sì ti bá a ta ìkòkò ibẹ̀ ku ẹyọ kan. Ní ọjọ́ ọjà kejì, àwọn èèyàn tún dúró síbẹ̀, wọ́n ń béèrè ìyá tó ń la ọ̀nà fún ni. Ibẹ̀ ni Àrìnpé pa àtíbàbà sí. Ibẹ̀ ló di ìsọ̀ rẹ̀, kò sì kiri mọ́. Ó ń yin àwọn awo rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá rú ẹbọ ní ààbọ̀, kó yáa padà lọ rú ìyókù. Ó ní ẹni tó pẹ́ kó tó gbọ́ ìkìlọ̀ ṣì sàn ju ẹni tí kò gbọ́ rárá.

Ṣùgbọ́n bí ìtàn bá dé oríta yẹn gan-an, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n ń gbé omi bọ̀, ohùn ìyá àgbà mi máa ń lọ sílẹ̀. Ó ní Àrìnpé dúró níbẹ̀, ó ní, "Ẹ forí jì mí." Ó fẹ́ kí obìnrin náà wo òun lẹ́ẹ̀kan péré, kí òun lè mọ̀ bóyá ó ti forí jì òun. Ẹni tó ru irú omi bẹ́ẹ̀ kì í yí ọrùn. Obìnrin náà di ìkòkò rẹ̀ mú, ó yà sí ọ̀nà ilé, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, ó ń lọ, kò bojú wẹ̀yìn.