Ọwọ́ Obìnrin Kò Gbọdọ̀ Kàn Án
Olóyè Látúndé wọ́ alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó fi ń lọ sóko wá bá Ìbíwùnmí ọmọbìnrin ilé alágbẹ̀dẹ, tó ń tún alùpùpù ṣe lórí ilẹ̀ Olóyè. Ó ní kó tún un ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin kò gbọdọ̀ kàn án. Bí kò bá lè ṣe é, kó kúrò lórí ilẹ̀ òun. Ìbíwùnmí fa àpótí, ó jókòó. “Bàbá, ẹ ṣí abẹ́ ìjókòó. Ẹ yọ fóòmù tó ń sẹ́ eruku. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ dá a padà.” Olóyè ṣe é tòun ti agbádá, ó ṣáná sí i, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Olóyè ní, “Èmi ni mo tún un ṣe, kì í ṣe ìwọ. Kó ẹrù rẹ.” Ìbíwùnmí ní, “Ta ló kọ́ yín?” “Ìwọ ni.” “Ẹ ti dọmọṣẹ́ mi nìyẹn. Ọmọṣẹ́ wo ló ń lé ọ̀gá ẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù?” Olóyè wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ti dúdú fún epo. “Ọ̀gá mi,” ó ní, “ọṣẹ dà?”